Ilé Tí Kò Ní Ilẹ̀

Àtàláátà, 7 Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2025

Ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé ìdáná bù mí jẹ lónìí. Kò pọ̀. Bí ìjàlọ. Mo ní kí n pọn omi sí kẹ́tù, ó ta mí ní ìka. Mo wò ó. Láti ọdún 1989 tí mo ti wà nínú ilé yìí ní Fegge, nílẹ̀ Igbo, kò sí ẹ̀rọ tó bú mi rí, áńbọ̀sì kó bù mí jẹ.

Bàbá Zàhrát, ọkọ mi, ló fa wáyà ilé yìí fúnra rẹ̀, látòkè délẹ̀. Kì í ṣe oníná. Rédíò ló ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bridge Head. Ọdún kan ó lé oṣù mẹ́ta rèé tó ti kú, kí Ọlọ́run fi àlùjáńnà kẹ́ ẹ. Gbogbo gúlóòbù tó bá tàn níhìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ló ń tàn án.

Ọyẹ́ mú gan-an lónìí. Ètè mi ti bó.

Àlàmísì, 9 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Mo ti rí ojútùú. Tí mo bá wọ bàtà rọ́bà, tí mo dojú báàfù pupa dé, tí mo dúró lé e lórí, ẹ̀rọ ò ní bù mí jẹ. Báàfù gidi ni. Ọwọ́ oníkọ̀ńdẹ́mù tó ń ra àlòkù irin ni mo ti gbà á, pàṣípààrọ̀, nígbà tí mò ń palẹ̀ ẹrù Bàbá Zàhrát mọ́ lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́. Àṣé ó máa wúlò tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ tán.

Jímọ̀, 10 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ ò tán. Àmírà sáré wọlé láti ìta, kò wọ bàtà, ó di ẹnu ẹ̀rọ mú. Ó lọgun lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ọmọ Zàhrát, ọmọbìnrin mi. Iṣẹ́ báńkì ni Zàhrát ń ṣe ní Awka, ọ̀dọ̀ mi lọmọ ń gbé, Jímọ̀-Jímọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń wá. Èdè Igbo lọmọ fi ń sunkún, bó ṣe máa ń ṣe tí nǹkan bá dùn ún gan-an: ó ní omi gé òun jẹ. Mo gbé e mọ́ra títí ó fi sùn.

Zàhrát dé nírọ̀lẹ́. Ó wo ọwọ́ ọmọ, kò pariwo. Ìgbà tí kò bá pariwo ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ní ká tú gbogbo wáyà ilé yìí dànù, ká fa òmíràn. Ó ní bàbá òun ti ṣe tiẹ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní tú ohunkóhun nínú ilé yìí níṣojú mi. Ó ní ó dáa, ká pe oníná wá, ṣùgbọ́n tí kò bá tíì dáa ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, òun máa mú ọmọ òun lọ.

Mo fi okùn so ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Oníná àkọ́kọ́. Dèjì, òun ló ń bójú tó iná báńkì wọn. Ọmọ Ìkìrun. Inú mi dùn, mo se ìrẹsì. Ó ṣí àpótí iná ara ògiri, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó wá kí olókùú.

"Màmá, ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

Mo fẹ́ sọ. Ẹnu mi ni kò gbà. Mo ní ọkùnrin kan ni, ará Asaba.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀, ẹni yẹn ò kọ́ṣẹ́ dójú àmì, kò sí ohun tó kù ju ká tú u. Ó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Ó jẹ ìrẹsì, ó tún bù sí i. Lẹ́yìn tó lọ, mo fi ìka kan ẹ̀rọ. Ó bù mí jẹ. Ta-Ló-Ṣe-É ni mo máa máa pe Dèjì nínú ìwé yìí.

Àìkú, 12 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Bàbá Zàhrát ò fẹ́ràn Asaba rárá. Ó ní òòyì máa ń kọ́ òun lórí afárá tó lọ síbẹ̀.

Àtàláátà, 14 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Oníná kejì. Obiora, àgbàlagbà, aládùúgbò ló júwe rẹ̀. Tẹ́sítà méjì tí wọ́n fi ń dán iná wò ló wà lápò àyà rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀kan lè kú. Ó ṣí àpótí iná. Ó dorí kodò, mo rò pé ó ń ṣàdúrà.

Ó wá ní, "Onye rụrụ ọrụ a?"

Ìbéèrè kan náà. Mo gbọ́ Igbo dáadáa, kò sí bí mo ṣe fẹ́ díbọ́n. Mo ní ará Asaba kan ni. Ó ní kí lorúkọ rẹ̀. Mo ní Tìmí. Ó ní níbo ló wà. Mo ní ó ti lọ sí Líbíyà. Kí Tẹ́sítà Méjì tó mu móòtì rẹ̀ tán, Tìmí ti fẹ́yàwó méjì, etí kan ṣoṣo ló sì fi ń gbọ́ràn.

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Ó wá pa àpótí dé, ó ní, "Nne, ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí, ó fẹ́ pa yín ni."

Mo wọ yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè purọ́ fún ìwé tí èmi nìkan ń kà. Ẹ̀rù bà mí. Rédíò ni Bàbá Zàhrát mọ̀. Ṣé ẹni tó mọ rédíò mọ ilé ni? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fẹ́ pa ọmọ-ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ta ni mo máa bi?

Nígbà tí mo jáde, Tẹ́sítà Méjì ti lọ. Ó gbàgbé tẹ́sítà kan.

Àlàrùbá, 15 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Oyún Zàhrát wà nínú mi nígbà tó ń fa wáyà yìí. Èmi ni mo di àkàsọ̀ mú. Ó ra ìwé kan, ó ń kà á bí ẹni ń ka kéwú, ó ń fi rúlà wọn ògiri bí ẹni fẹ́ rán aṣọ fún un. Ibi tí oníná fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, ó fi oṣù méjì ṣe é. Ọjọ́ tí iná tàn, ó gbé àga sí pálọ̀, ó ní kí n wá jókòó. Àwa méjèèjì jókòó, à ń wo gúlóòbù. Kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà.

Ó ní àwàdà rẹ̀ kan. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tó bá ṣe àlùwàlá tán, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń da omi tó bá ṣẹ́ kù nínú bútà sí. Ojú kan náà lójoojúmọ́, ọdún dé ọdún. Koríko kan ò hù níbẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní, "Kí lẹ gbìn síbẹ̀?" Ó ní, "Iná." Mo rẹ́rìn-ín, mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ àsàláátù wa. Bàbá Olómi ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀. Kò bínú.

Jímọ̀, 17 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Zàhrát mú Àmírà lọ sí Awka. Ọmọ náà juwọ́ sí mi láti inú mọ́tò, kò tilẹ̀ sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Kí wọ́n tó lọ, Zàhrát ní òun ti rí àwọn tó máa tú wáyà náà kí oṣù yìí tó parí, ẹnìkan máa kọ́kọ́ wá wọn ilé. Mo ní kó ṣe bó ṣe fẹ́.

Mo ti gbà. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa sẹ́ ẹ lọ́la.

Àtìní, 20 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Kò sí ọjà lónìí, gbogbo ènìyàn wà nílé, bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ rẹ̀ ní Àtìní-Àtìní nílẹ̀ Igbo. Mo tan gúlóòbù pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, mo jókòó tì í.

Àlàmísì, 23 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ẹni tó máa wọn ilé dé. Mo ń retí géńdé, obìnrin ni mo rí. Blessing, ará Nkwelle Ezunaka. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo sọ. Ó ṣí àpótí iná. Mo ti gbára dì. Gbogbo ìtàn Tìmí ti wà létí ètè mi, àti ìyàwó méjì, àti Líbíyà.

Kò bèèrè. Ó ń wò, ó ń fi ìka tẹ̀ lé wáyà, ó ń mi orí. Mo dúró. Mo wúkọ́. Kò bèèrè. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ní ṣé kò ní bi mí ẹni tó ṣe é ni. Ó ní rárá. Mo ní Tìmí ni, ará Asaba.

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó rìn yíká ilé, ó wo ẹ̀rọ, ó pa iná pọ́ǹpù tó ń fa omi sókè. Ó padà wá bá mi, ó ní, "Mama, ụlọ a enweghị ala." Ilé yìí ò ní ilẹ̀.

Ara mi ta. Ẹni tó bá ń gbé ìlú onílùú, kò sí ọ̀rọ̀ tó tètè ń bí i nínú tó ìyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì! Mo wọ yàrá, mo fa àpótí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì jáde, mo kó ìwé ilẹ̀ síwájú rẹ̀: rìsíìtì, orúkọ ẹlẹ́rìí mẹ́rin, ìtẹ̀ka bàbá tó tà á fún wa. Mo ní kó kà á sókè. Ó kà á. Ó ka ojú ewé kìíní tán kí ọ̀rọ̀ tó yé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí báàfù pupa.

Ó ní kì í ṣe ilẹ̀ yẹn. Ó ní tí iná bá ṣìnà, ó yẹ kó rí wáyà kan tó máa gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ. Tí kò bá rí i, ara ènìyàn ló máa gbà kọjá. Pọ́ǹpù ti gbó, iná ń jò láti inú rẹ̀ sí páìpù, kò sì rọ́nà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ti la ọ̀nà fún un. Ó fi wáyà kan hàn mí, aláwọ̀ ewé, láti inú àpótí, tó gba inú ògiri lọ. A jọ tẹ̀ lé e jáde. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló yọ sí. Wọ́n ti gé e, ẹnu rẹ̀ kàn ń fì nínú afẹ́fẹ́. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ táútáú.

Ó ní ọ̀pá kọ́pà kan ló yẹ kó wà nínú ihò náà. Ó ní ta ló yọ ọ́.

Mo ní mi ò mọ̀.

Jímọ̀, 24 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Mo mọ̀.

Nígbà náà, fídáù ogójì ọjọ́ Bàbá Zàhrát kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Mò ń gbá ẹ̀yìn ilé, orí irin kan yọ síta, ó fa ìró mi ya. Oníkọ̀ńdẹ́mù ń kọjá lọ pẹ̀lú ọmọlanke. Mo pè é, mo ní kó bá mi fà á tu. Ó mì ín títí, ó fà á, ó gé wáyà ara rẹ̀. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní kí ni kóun fún mi dípò rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí báàfù pupa.

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Tèmi, orí rẹ̀ ni mo dúró lé, tí mò ń pọn omi.

Wọ́n tún ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Tìmí ò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rò pé mò ń gbèjà ọkọ mi. Ta ló bú u? Àwọn oníná yẹn ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ni mo tu iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé iná ni, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ kiri mọ́ṣáláṣí. Ojú tì mí. Mi ò lè lọ kí Jímọ̀ lónìí.

Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Blessing gbé ọ̀pá tuntun wá, pẹ̀lú òòlù ńlá. Zàhrát náà dé, òun àti Àmírà, ó fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Blessing ní wáyà kankan ò ní jáde nínú ilé yìí, wáyà gidi ni, irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Ó gbá ọ̀pá náà wọlẹ̀. Ó so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Ó tú pọ́ǹpù, ó tún un ṣe. Ó tan gbogbo iná padà, ó fi tẹ́sítà kan ẹnu ẹ̀rọ, tẹ́sítà ò tàn. Ó wá fi ọwọ́ lásán dì í mú.

Ó yí sí mi. Mo bọ́ bàtà rọ́bà. Mo ti báàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní Bísímílàhì, mo di ẹ̀rọ mú. Omi ni. Omi tútù lásán.

Blessing ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ nígbà tó bi mí bóyá Tìmí ará Asaba yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ bá a, kóun kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Zàhrát ní, "Tìmí wo?"

Mo ní, "Kò sí Tìmí kankan. Bàbá Zàhrát ló ṣe é. Èmi ni mo tu ọ̀pá náà, mo fi gba báàfù."

Zàhrát wo báàfù. Ó wo èmi. Ó wọ ilé ìdáná, ó pẹ́ níbẹ̀, mo ń gbọ́ tó ń ṣí ẹ̀rọ, tó ń tì í. Blessing lọ pa ilẹ̀kùn àpótí iná dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n má gbàgbé, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, kí n máa da omi sí ìdí ọ̀pá náà, kí ilẹ̀ má bàa gbẹ, torí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná.

Mo ní ọkọ mi ti sọ fún mi.

Àìkú, 26 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Àmírà sùn síbí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà mo fi báàfù pupa pọn omi, mo lọ dà á sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ilẹ̀ mu ún tán kíá. Mo tún pọn òmíràn.

Àmírà tẹ̀ lé mi jáde, ó ń nu ojú. Ó bi mí ohun tí mo gbìn síbẹ̀.

Mo ní iná.

Ó rẹ́rìn-ín.