Ẹ Sọ fún Màmá Kí Wọ́n Má Fi Ínhélà Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ẹ̀yin, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ wà nínú fíríìjì, kò sí lápá tó ń di yìnyín. Látìgbà tí wọ́n ti ń gbà á, ara tó ń yún Màmá ti ń jọ̀lọ̀.

Àmọ́ ta ló ní kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ju ínhélà tí wọ́n ń fà sẹ́nu nù torí abẹ́rẹ́ yìí? Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀! Ikọ́ fée fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Mo ti ra òmíràn, wọ́n ní àwọn ò ní lò ó àfi tí ẹ̀yin bá sọ. Tèmi ò wọ̀ wọ́n létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ ní ẹ ṣàṣìṣe.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Awọ ara wọn lẹ̀ ń rí lórí fóònù; èmi ni mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

Àbúrò yín