Faransé Tí Mo Fi Ń Kí Màmá Florence

                                        Ilé Kejìdínlógún, Yàrá 3C,
                                        Flatbush, Brooklyn,
                                        New York.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kejì, 2025.

Sàúdátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Màmá ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn rìn? Ẹ kú ooru Kútọnu o. Òtútù là ń bá yí níbí. Ara mi le. Ilé ṣì dákẹ́ láti ìgbà tí Mísbáù ti lọ, ṣùgbọ́n mò ń jẹun bí o ṣe pàṣẹ. Lórí fóònù, ẹkún ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ni mo ṣe kọ ìwé.

Mo dúpẹ́ fún àwọn ọ̀rọ̀ Faransé tí o kọ ránṣẹ́. O ò tíì mọ ohun tó fà á. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Màmá Florence, ìyá ará Haiti tí mò ń tọ́jú, Gẹ̀ẹ́sì ti fò lọ lẹ́nu rẹ̀. Faransé nìkan ló kù. Èmi náà wá ń fi "pardon" ṣe sọ́rì tiwa. Ó wúkọ́, "Pardon, Màmá." Ó kọsẹ̀, "Pardon." Orúnkún ń dùn ún, "Pardon" náà ni.

Àṣé ìyá ń rò ó. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé mò ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ni mo fi òun ṣe? Ọmọ dé lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ń yẹ apá ìyá rẹ̀ wò bóyá ó bó. Ó ní, "Morufat, kí lo ṣe fún màmá mi? Tí o ò bá sọ, ẹlòmíràn ló máa wá lọ́jọ́ Ajé."

Ilé yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn èèyàn lójúmọ́. Mo ní nílùú wa, à ń kí ẹni tó kọsẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, bí kì í tilẹ̀ ṣe àwa la gbé òkúta síbẹ̀. Ó bi mí pé:

"Ẹ máa ń bá òkúta bẹ̀bẹ̀?"

La bá jọ bú sẹ́rìn-ín.

Ìwé rẹ ló tún un ṣe. "Doucement" fún ẹni tó kọsẹ̀, "courage" fún ẹni tí nǹkan ń dùn, "pardon" bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nìkan. Èyí tí o kọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mo rí i, mo sì pa ìwé dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mísbáù pé ogójì ọjọ́ tó kú. Mò ń fọ abọ́, omi ń dà, n kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi dúró. Màmá Florence fi ọ̀pá rẹ̀ tẹlẹ̀ wá, ó dúró tì mí. Kò sọ ìkankan nínú ohun tí o kọ. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Morufat." Àṣé mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ sẹ́nu kí n tó wá Faransé rẹ̀ kàn. Láti ọjọ́ tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí ti padà sílé wọn, orí fóònù nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ.

N kò tíì sọ fún un. Jọ̀ọ́, kọ Faransé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọkọ mi kú, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Bí ọmọ ṣe ń sọ ọ́ fún ìyá ni kí o kọ.

Bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Èmi ni, tìrẹ láti kékeré,
Morufat