Áàpù Tí Kì Í Bá Ọkọ Mi Sọ̀rọ̀

Ilé Iṣẹ́ Aránkọ́tìnnì,
Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ilé Omi.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́,
Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YÍ Ọ̀NÀ TÍ Ẹ GBÀ ṢE ÁÀPÙ ILÉ IṢẸ́ WA PADÀ, KÍ ỌKỌ MI LÈ PADÀ SẸ́NU IṢẸ́ RẸ̀

Èmi ni mo ń rán kọ́tìnnì ní ojúlé tí mo kọ sókè yìí. Ọkọ mi ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí áàpù tí ẹ bá wa ṣe ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ mi kò rí nǹkan kan ṣe mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwa méjèèjì jọ dá sílẹ̀. N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣe lóore tí kò dúpẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó ráhùn. Ẹ ṣeun. Ọ̀fẹ́ ni ẹ ṣe áàpù náà fún wa, ẹ kò sì gba kọ́bọ̀.

Ọkọ mi kò ríran. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Kápẹ́ńtà ni, òun ló ń gbẹ́ ọ̀pá tí a ń fi kọ́tìnnì kọ́, òun náà ló ń kàn án mọ́ ògiri, èmi ń rán aṣọ. Àìsàn ojú ló dé, ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó sílé, ó ń gbọ́ rédíò, ó sì ń bá mi jà lórí ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù àti èyí tí kò níyọ̀ tó, nígbà mìíràn lórí ọbẹ̀ kan náà.

Ọmọ wa obìnrin ló fi hàn án pé fóònù lè máa ka ohun tó wà lójú rẹ̀ síta. Bí ó bá fi ìka kan ibì kan, ohùn inú fóònù á sọ fún un pé ibi ìpè rèé, ibi àtẹ̀jíṣẹ́ rèé, orúkọ lágbájá rèé. Kò pẹ́ tí ó fi mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba iṣẹ́ fóònù lọ́wọ́ mi. Bí oníbàárà bá pè, ọkọ mi á bi í pé ìhà ibo ni oòrùn ń gbà wọ yàrá náà, ta ló ń sùn níbẹ̀, ṣé ẹni náà máa ń sùn lọ́sàn-án. Nígbà tí ó bá parí, á yíjú sí ibi tí ẹ̀rọ mi ti ń dún, á ní, "Ìyá Oníkọ́tìnnì, aṣọ tó nípọn ni kí o gé fún ti yìí o, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni." Olóhùn ni àwọn oníbàárà ń pè é. Àwọn kan wà tí kọ́tìnnì wọn kò tíì gbó, tí wọ́n á kàn pè láti kí i. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọkùnrin tí mo bá ṣègbéyàwó ló padà wá sílé nígbà náà. Ó tún ń jí ṣáájú mi.

Nígbà tí ẹ pè wá sípàdé lórí ọ̀rọ̀ áàpù, obìnrin tí ẹ gbà láti máa ṣe áàpù ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọ̀nà kìíní ni kí a ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣi fóònù kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí mo bá wọn fèrèsé kọ̀ọ̀kan kí n tó gé aṣọ. Ó ní ìyẹn gba àkókò, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì ṣiṣẹ́ lórí gbogbo oríṣi fóònù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lábẹ́ gbogbo ohun tí ènìyàn ń tẹ̀, tí ohùn fóònù á lè kà. Ọ̀nà kẹta ni ojúewé íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó ti wà nílẹ̀ fún gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n kàn wọ ẹ̀wù áàpù fún. Orúkọ ilé iṣẹ́ ẹni nìkan ni wọ́n á fi lé e. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀nà kejì ló bá ilé iṣẹ́ wa mu. Mo nawọ́, mo dìde, mo sọ fún gbogbo ilé pé afọ́jú ni ẹni tí yóò máa lo áàpù wa. Akọ̀wé yín fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé ọ̀nà kẹta ló máa yá jù, pé bí ohunkóhun bá kù, a ó máa tún un ṣe bí a bá ṣe ń lọ. Ọ̀nà kẹta náà ni ẹ yàn.

Áàpù náà dé. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́. Àwòrán ni gbogbo rẹ̀: àwòrán fèrèsé, àwòrán sísọ́ọ̀sì, àwòrán kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù. Ọkọ mi fi ìka kan ti àkọ́kọ́, fóònù ní, "Bọ́tìnnì." Ó sún ìka síwájú, fóònù ní, "Bọ́tìnnì." Lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, "Bọ́tìnnì." Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá agolo bọ́tìnnì tí mo ń wá láti ọjọ́ yìí ni wọ́n dà sínú fóònù òun. Lọ́jọ́ kejì kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ rán òṣìṣẹ́ méjì wá láti wo bí ó ṣe ń lọ. Àwọn ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Ọkọ mi dìde, ó wá ọwọ́ wọn títí ó fi rí i, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dára gan-an ni. Èmi ni n kò tíì mọ̀ ọ́n lò." Nígbà tí mo wá sí ọ́fíìsì yín láti ráhùn, ohun tí wọ́n kà sí mi létí ni pé afọ́jú tó ń lo áàpù náà ti sọ pé ó dára, ìdánrawò ló kù. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìwà ọmọlúàbí lẹ kà sí ẹ̀rí. Bí àlejò bá wá se ọbẹ̀ nínú ilé wa, ọkọ mi á yin ọbẹ̀ náà bí kò tilẹ̀ lè gbé e mì. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá wo ojú rẹ̀ ni, wọn kì bá tí béèrè mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé òun fúnra rẹ̀ gba ohun tí ó sọ gbọ́. Ojoojúmọ́ ló ń gbé fóònù sétí, tí ó ń fi ìka wá ọ̀nà, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Mo gbọ́ tí ó sọ fún ọmọ wa pé, "Ọpọlọ mi ni kò gbé e mọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀." Obìnrin tó ṣe áàpù náà sọ fún mi pé, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀bi Bàbá o. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ àwọn àwòrán yẹn tí ohùn náà lè kà." Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní kí n yéé ṣìkẹ́ òun bí ọmọdé.

Àdéhùn yín tún sọ pé inú áàpù nìkan ni kí a ti máa gba iṣẹ́, kí ẹ lè mọ bí ó ṣe wúlò tó. A pa àṣẹ náà mọ́. Báyìí, èmi ni mò ń dá ẹ̀rọ dúró láti wo áàpù. Ọkọ mi ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sí iyàrá. Àwọn oníbàárà ń kọ ọ́ sí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ gígùn fèrèsé sí pé, "Olóhùn ńkọ́?"

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, fóònù ṣọ́ọ̀bù dún lọ́sàn-án. Ohùn ọkọ mi ni, láti inú iyàrá, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí àlejò. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Mo gbọ́ pé ẹ ń rán kọ́tìnnì níbẹ̀. Ṣé ẹ ṣì ń gba òṣìṣẹ́? N kò ríran o, ṣùgbọ́n mo lè dáhùn fóònù." Mo bú sẹ́rìn-ín, nítorí ó fẹ́ràn àwàdà, mo sì dúró kí òun náà rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé èsì ló ń dúró dè.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí obìnrin náà fi ọ̀nà kejì tún áàpù wa ṣe. Ó ní òun ṣe tán, àṣẹ yín nìkan ló kù. Títí yóò fi parí rẹ̀, ẹ gbà wá láàyè kí a máa fi fóònù gba iṣẹ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ rán ènìyàn wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀ọ́, kí onítọ̀hún di ojú rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan áàpù náà. Kí ó má bi ọkọ mi léèrè bóyá ó dára.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó ku ohun kan. Nígbà tí ọkọ mi béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé kò sí. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ní sùúrù díẹ̀, sà, kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá." Ẹ̀yin ni àwọn ọ̀gá náà. Ó ṣì ń dúró.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Ìyá Oníkọ́tìnnì,
Aránkọ́tìnnì, aya Olóhùn.