Èéfín Tí Mo Fi Tọ́jú Eku Comfort

                                        Ilé Ìyá Dosu Ẹlẹ́ja,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Títì Sẹmẹ̀,
                                        Gbáji, Àgbádárìgì.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje, ọdún 1984.

Hùmúàní, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń wẹ̀ lódò níhòòhò,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìbàdàn níbẹ̀? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ishaq ọmọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o fúnra rẹ dáná, àbí wọ́n ṣì ń sọ ọ́ di arúgbó tipátipá? Ní tèmi, mo wà, n kò kú. Má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé Ishaq ni yóò kà á fún ọ. Kí ó má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín o, nítorí èmi ni mo nu imú rẹ̀ nígbà tí kò tí ì mọ imú nù. Ìwé kejì ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá máa yan ẹja. Ìyókù, Comfort ló kọ́ mi, ọ̀rọ̀ Comfort náà ni mo sì fẹ́ sọ.

O rántí rẹ̀, ọmọ Gánà tó gba yàrá lọ́dọ̀ mi nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn, tí àwọn ọmọ tiwa kò fẹ́ ṣe tíṣà mọ́. Òun ló ní eku funfun méjì nínú kéèjì onígi, abo ni méjèèjì, tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa ẹranko. Ó sọ ọ̀kan ní Ajúà, ó sọ èkejì ní Ẹsí. Ó ní ọjọ́ tí èèyàn dé ayé ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ nílùú àwọn.

Nígbà tí ìjọba lé àwọn ará Gánà ní oṣù Kìíní èṣí, iwájú ilé mi gan-an ni wọ́n gbà kọjá, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, èèyàn lórí ẹrù, ẹrù lórí èèyàn. Comfort náà rí àyè nínú lọ́rì kan, ṣùgbọ́n dírẹ́bà rí kéèjì, ó ní eku kò sí nínú ohun tí òun ń kó. Ni ọmọ náà bá sáré gbé e padà wá. "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú wọn. Mo ń bọ̀ wá gbà wọ́n."

Hùmúàní, o mọ̀ mí. Kò sí ọ̀tá tí mo ní tó eku. Ẹja mélòó ni wọn kò bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó di ọwọ́ mi mú títí mo fi mọ orúkọ ara mi í kọ ni. Mo ní, "Máa lọ. Títí o fi máa dé, nǹkan kan kò ní í ṣe wọ́n." Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, igi gígùn ni mo fi ń ti oúnjẹ sí wọn. Mo ń bu gààrí, mo ń bu orí ẹja, mo ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ kéèjì tán kí n tó mọ̀ pé eyín wọn kì í yé hù, mo wá ń fún wọn ní èèpo àgbọn líle kí wọ́n máa rí nǹkan họ. Nígbà tó ṣe, Ajúà gun ọwọ́ mi, ó jókòó sí èjìká mi, ó ń gbóòórùn etí mi bí ẹni tó fẹ́ ṣòfófó. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, wọ́n á nu ẹ̀yìn etí. Ìwọ ni mo máa ń rántí. Àwọn eku yìí mọ àlùwàlá jù ọ́ lọ.

Àwọn aládùúgbò sọ mí di Ìyá Eléku. Mákánjú tó ń ta bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á dúró síta, á máa pariwo: "Ìyá Eléku, ẹ̀bà mi ti délẹ̀ o, ẹ ju ọ̀kan sí mi!" Mo ní kó lọ fi ìyá ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹ́.

Ọdún yí po, Comfort kò dé. Ní oṣù Kẹrin ọdún yìí, wọ́n ti bọ́dà pa. Mo ní kò burú, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, yóò wọlé.

Òjò oṣù Kẹfà wá dé. O mọ òjò etíkun wa: aṣọ bu nínú àpótí, ògiri ń làágùn. Mo rántí ohun tí ọmọ náà sọ nípa òtútù. Ibo ló gbẹ nílé mi, ibo ló móoru, bí kò ṣe ìdí ààrò ẹja? Mo gbé kéèjì síbẹ̀. Hùmúàní, ìwọ náà yan ẹja rí. Kí ni àwọn ìyá wa kọ́ wa? Ohun tí èéfín bá ti wọ̀ lára kì í bàjẹ́. Ẹja tí ì bá jẹrà lọ́la, èéfín ló ń gbé e dé Kánò. Mo ní bó ṣe ń bá mi pa ẹja mọ́, yóò bá mi pa eku wọ̀nyí mọ́ di ọjọ́ tí ẹni tó ni wọ́n á dé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Mo ní òtútù ni, mo sún kéèjì mọ́ iná sí i. Wọ́n tún sín, mo tún sún un. Mo fi òrí pa wọ́n nímú. Omi pupa wá ń jáde lójú wọn, mo rò pé Comfort ni wọ́n ń sunkún rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kó èèpo àgbọn sínú iná.

Ọjọ́ Ẹtì, Ajúà kú. Ó fi imú sáàárín igi kéèjì, ó kọjú síta.

Mo gbé Ẹsí sínú agbọ̀n, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní ìgboro Àgbádárìgì. Ewúrẹ́ ni gbogbo èèyàn mú wá, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Abdulrauf ni dókítà náà. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé etí lé àyà Ẹsí, lẹ́yìn náà ó gbóòórùn ìró mi.

"Màmá, ṣé ẹja lẹ̀ ń yan?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tó ń yan án jù mí lọ láti ibí dé Kankon.

"Ṣé ìdí ààrò lẹ̀ ń gbé e sí?"

Mo ní ibẹ̀ ló móoru.

Ó dá Ẹsí padà sínú agbọ̀n. Ó ní, "Èéfín yín ni, Màmá. Àyà wọn kéré."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní èéfín tí mo fi bọ́ ọmọ márùn-ún! Ó ní kí n má bínú. Ó tún ní eku báyìí kì í sábà pé ọdún mẹ́ta láyé, èéfín ì báà wà, kó má wà.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Tíṣà ẹranko ni Comfort, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó rò pé òun á tètè dé ni? Àbí ó mọ̀ pé òun kò ní padà mọ́, tó kàn sọ bẹ́ẹ̀ torí pé mo ń sunkún? Ṣùgbọ́n n kò sunkún lọ́jọ́ náà. Òógùn ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Comfort ọmọ mi, Ajúà", ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ń kú sí, ọwọ́ tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ọ.

Bí mo ṣe délé, mo da omi sí ààrò. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, kò sí ọjọ́ tí èéfín kò jáde nílé yìí, àfi ọjọ́ tí ọkọ mi kú. Ní ọjọ́ kejì, Mákánjú wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà lórí.

"Ìyá, ẹ kú ìrójú o. A kò rí èéfín. Ta ló kú?"

Mo ní, "Ajúà ni."

Ó ní, "Ta ni Ajúà?"

Mo ní, "Ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ mi ni. N kò mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Hùmúàní, n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹsí ṣì ń mí. Mo gbé e sí ojú fèrèsé tí atẹ́gùn òkun ń gbà wọlé, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń dún fín-ín fín-ín. Máwù, Ọlọ́run wa, nìkan ló mọ ìgbà tí yóò dákẹ́.

Bá mi kí Ishaq, bá mi kí ìyàwó rẹ̀, kí o sì fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Má ṣe retí ẹja lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Ààrò mi tutù.

Èmi ni tìrẹ, bó ti wù kí ó rí,
Sewanu, Ìyá Dosu.