Àwọn Tó Wá Tí Wọn Ò Bá Búrẹ́dì

Yàrá òkè,
Ilé búrẹ́dì wa.
Ọjọ́ kìíní, oṣù keje.

Eléyinjú-ẹgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé àbíkẹ́yìn yín ti hu eyín tó ń tìtorí ẹ̀ sunkún? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn? Ara tèmi le, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Inú ń bí mi gan-an, bí mi ò bá sì rí ẹni sọ ọ́ fún, mo lè jágbe mọ́ ẹni tí ò ṣẹ̀ mí.

O rántí pé èmi ni mo yọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń darí ilé búrẹ́dì wa lẹ́nu pé ká máa fi kọ̀ǹpútà ṣe àkọsílẹ̀ búrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù wa méjèèjì ń tà. Tẹ́lẹ̀, bó bá ṣe ṣe wọ́n láàárọ̀ ni wọ́n ń pinnu iye tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan máa gbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo sí wọn létí ló ń gba búrẹ́dì tó pọ̀. Wọ́n ní ìwé àkàjù ń dà mí láàmú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà: iye tí wọ́n tà, iye tó ṣẹ́ kù. Mo wá ya àwòrán aláwọ̀ mèremère, òpó gíga fún ṣọ́ọ̀bù ńlá, òpó kúkúrú fún ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù. Àǹtí wa, àbúrò màmá wa, ló ń tajà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Wọn ò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ṣọ́ọ̀bù kékeré ò tà. Màá tì í lópin oṣù." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo ní ká gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Ẹni tí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tí wọ́n máa gbà, àṣìṣe mi ni wọ́n gbà!

Àṣìṣe mi ni, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ jókòó sórí páálí lẹ́yìn káńtà àǹtí láàárọ̀ kùtù. Ọkọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ já búrẹ́dì sí ṣọ́ọ̀bù ńlá, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń gbé wá fún àǹtí. Ogójì péré ló gbé wá lọ́jọ́ náà, kó sì tó di aago mẹ́sàn-án, ó ti tán. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn wá ń dé, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó wá wo aláìsàn. "Ẹ má bínú, ó ti tán o," ni àǹtí ń wí ṣáá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ti yí padà lọ́wọ́ òfo. Mo bi àǹtí bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Lójoojúmọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fàyè kankan sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ mi fún ẹni tó wá tí kò bá búrẹ́dì! Ohun tí a ò gbé fún wọn la ní wọn ò rí tà.

Eré ni mo sá dé ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń tẹ fóònù. Wọ́n wá ní ọjọ́ kan ni mo fi ka tuntun yìí, oṣù mẹ́jọ ni mo fi ka ti àkọ́kọ́, èwo ni kí àwọn gbà? Wọ́n ní aránṣọ kan tilẹ̀ ti gba ṣọ́ọ̀bù náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sọ ògiri.

Àná ni àǹtí kó ẹrù wọn. Mo bá wọn gbálẹ̀, mo bá wọn nu káńtà. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo ya àwòrán ọ̀hún. Wọ́n dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo rántí wá jókòó ti àwọn. Mo gbé ẹrù wọn, mo sì sìn wọ́n dé ibi ọkọ̀.

Bá mi kí ọkọ ẹ, kó o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Àǹtí ní kí n kí ẹ o. Wọ́n ṣì ń fi mí yangàn fún gbogbo èèyàn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀rọ̀ sú,
Akọ̀wé.