Ohùn Tí Mo Mọ̀, Ilẹ̀kùn Tí N Kò Ṣí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ bá mi kí Màámi, bí wọ́n bá ti oko Ìrẹsà dé. Ẹ kí Bọ̀dá Múfútáù tó máa ń ka lẹ́tà mi fún yín, tó sì máa ń fo ibi tó bá korò. Lọ́tẹ̀ yìí kò ríbi fò sí, nítorí ìwé ìròyìn ni mo fi í ránṣẹ́ sí, kí gbogbo ilé lè kà á, kí Bàbá Ọ̀yọ́, àbúrò yín, náà sì rí i kà. Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ó ti pẹ́ nínú ilé jù.

Òtútù ìlú òyìnbó yìí kò ṣe é fẹnu sọ. Eré ọmọdé ni ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lè lọ síbi iṣẹ́ kí n sì padà wálé láìrí ẹni bi mí pé báwo ni ará ilé mi. Ọ̀gá Tọ́másì nìkan ló máa ń béèrè yín. Òun ni àgbà ẹnjiníà tó fún mi ní kóòtù ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, nígbà tí mo dé pẹ̀lú súwẹ́tà kan ṣoṣo. Bàbá kejì ni mo fi í ṣe.

Màámi rò pé mò ń pọn omi fún òyìnbó ni. Rárá o. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi wà káàkiri orí òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, wáyà tẹlifóònù ló sì so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá tí mo ń jókòó sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n: èyí ń ṣiṣẹ́, èyí ti dúró. N kò láṣẹ láti pa ìkankan. Àwọn ẹnjiníà ló láṣẹ, wọ́n sì lè pa á láti ilé wọn, bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tiwọn pe kọ̀ǹpútà wa lórí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kì í gba ẹni tó pè é wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀, yóò gé e, yóò wá fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà ilé ẹni náà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí olè bá jí orúkọ lò, ilé olórúkọ ni tẹlifóònù yóò ti dún.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní èyí, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní bàbá mi ni wọ́n gbé sínú àpótí yìí! Ta ni kò mọ̀ yín ní agbo-ilé wa? Bí ẹnìkan bá dé pé Lágbájá ní kí òun wá gba nǹkan, ẹ ó ní kó padà lọ kí Lágbájá, pé ẹ̀yin fúnra yín ẹ ó gbé e lọ bá a. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe nígbà tí Bàbá Ọ̀yọ́ rán dírẹ́bà wá gba jẹnẹrétọ̀ ẹbí fún yìgì ọmọ rẹ̀. Ẹ dá dírẹ́bà padà lọ́wọ́ òfo, ẹ wá ọkọ̀, ẹ sì gbé e lọ. Kí ẹ tó dé Ọ̀yọ́, Alùfáà ti fi ohùn lásán wàásù tán láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn àna ti ń ká ẹní. Bàbá Ọ̀yọ́ ní ẹ fi oníṣẹ́ òun ṣe olè lójú àna. Láti ìgbà náà ẹ ò kí ara yín mọ́.

Bàbá, irú rẹ̀ ti dé bá mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ kan lórí òkè kọ̀, kò dúró nígbà tí àgbá omi kún. Ọ̀gá Tọ́másì ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn. Ó tẹlifóònù wá láti béèrè bí iṣẹ́ ti ń lọ, mo sì sọ fún un. Ó ní ẹ̀rọ òun wà lọ́wọ́ òun, kí n fi kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìkáwọ́ mi dá ìpadàpè yẹn dúró díẹ̀, kí òun lè ti ibẹ̀ wọlé, nítorí ilé òun tí kò sẹ́nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò pè. Òfin sì ni pé a kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí a kò fojú rí. Ó bi mí pé ṣé n kò mọ ohùn òun ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ti kan kọ́kọ́rọ́ kí ojú yín tó hàn sí mi, bí ẹ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń wo dírẹ́bà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní n kò lè ṣe é, mo sì pe ẹnjiníà kejì, ẹni tó wa ọkọ̀ gun òkè lọ pa á.

Kó tó débẹ̀, omi ti ya wọ ilé ìyá arúgbó kan nísàlẹ̀ òkè. Ibùsùn rẹ̀ bàjẹ́, àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti kú náà bàjẹ́. Ọ̀gá Tọ́másì gan-an ló sì pè mí, kì í ṣe ayédèrú.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ mi. Mánéjà ti fọ̀rọ̀ sí mi létí: bí mo bá ní àṣìṣe ni kíkọ̀ tí mo kọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ìwé ìgbélùú mi náà á sì bá a lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. N kò fẹ́ wá jókòó ti yín lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́. Mo ti lọ bẹ ìyá arúgbó yẹn nítorí omi, mo sì bá a sá ibùsùn rẹ̀. Ti kọ́kọ́rọ́ ni n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo lọ sí ilé Ọ̀gá Tọ́másì náà, mo wọ kóòtù tó fún mi. Mo kanlẹ̀kùn. Ó béèrè láti inú ilé pé ta ni. Mo ní èmi ni, èmi Ràbí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ìdí ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀. Ó mọ ohùn mi. Kò ṣí i.

Ìgbà yẹn ló yé mi bó ti rí lára Bàbá Ọ̀yọ́. Ohun tẹ ṣe tọ́, ó sì dun ọmọ ìyá yín. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ má rán Bọ̀dá Múfútáù, ẹ má rán Alùfáà. Ẹ gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ fúnra yín, bí ẹ ti gbé jẹnẹrétọ̀. Bàbá Ọ̀yọ́, bí ẹ bá gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, kò ní jẹ́ kí n bá ilé lófìfo. Mo kí tọmọdé tàgbà agbo-ilé wa.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ràbíátù