Núdù Ẹlẹ́ran Tí Mo Sè fún Atẹ̀wé

                                        Ilé onígéètì pupa, yàrá ìsàlẹ̀,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé àtijọ́.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ẹnì kejì mi láti ìgbà tí a ti ń pín súìtì kan ṣoṣo jẹ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Bàbá ilé rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ burúkú yẹn ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọ rẹ obìnrin tó bímọ níjọ́sí, ṣé omi ọmú ń yọ fún ọmọ? Àwọn adìyẹ rẹ tó ń yàgbẹ́ sórí àga, ṣé o ti wá rí wọn lé síta, àbí àwọn ló lé ìwọ? Mo béèrè gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí o má baà sọ pé ọ̀fọ̀ mú mi gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Bí ìkọ̀wé mi bá ń ta gẹ́gẹ́ẹ́gẹ́ lójú rẹ, má fi rẹ́rìn-ín. Ìwé kejì ni mo kà dé, ìwọ náà kò sì kọjá ibẹ̀, ọjọ́ kan náà la jọ sá kúrò. Ọmọ wa tó ń ránṣọ ní kí n máa sọ ọ́ kí òun máa kọ ọ́. Mo ní rárá o. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti etí ọmọ, ọwọ́ tèmi náà kò sì tíì rọ.

Atẹ̀wé ọkọ mi ti kú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Mo fi í síbẹ̀ gbangba bẹ́ẹ̀ kí o má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi. Má sunkún sórí ìwé yìí, íńkì rẹ̀ kò dára.

Ti ikú, àwọn aráyé á ròyìn rẹ̀ fún ọ ju bó ṣe rí lọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni ti ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀. Bí n kò bá rí ẹnì kan sọ ọ́ fún, yóò wú mọ́ mi nínú.

O rántí Afinúdù-gbọkọ. Ta ni kó rántí rẹ̀ bí kò ṣe ìwọ tí o dì mí lápá mú lọ́jọ́ náà! Obìnrin tó ń dín núdù ẹlẹ́ran nínú agbada ní ìkángun òpópónà ilé ìtẹ̀wé. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Atẹ̀wé fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yòókù, ó ń jẹ tèmi láìjiyàn. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn. Mo bi í léèrè, kò fèsì. Mo bú u, kò fèsì. Nígbà tí mo wá gbéra lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí mo da abọ́ kan nù níwájú àwọn oníbàárà, tí mo sì fún obìnrin náà ní orúkọ tó ń jẹ́ lẹ́nu mi títí dòní, Atẹ̀wé kàn gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀ ni. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bá wọn gbá ohun tí mo dà sílẹ̀, ó padà síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé àlè rẹ̀ ni.

Inú ẹ̀dọ̀ ni àìsàn tó pa á wà. Àwọn dókítà wò ó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé, ohunkóhun tó bá wù ú ká fún un. Kò sí ohun tó wù ú. Mo se ìrẹsì, mo se ẹyin, mo se omi ẹran tí kò ní ata rárá. Ògiri ló ń kọjú sí. Ọjọ́ mẹ́rin, omi lásán. Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo febi pa yín ni? Ẹ lanu!" Kò lanu. Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún ló lanu fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti dà bí ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní núdù ọjọ́ Ẹtì ló ń wu òun.

Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí wọra. Gbogbo ọdún tí èéfín fi fọ́ mi lójú nítorí rẹ̀, obìnrin yẹn ló tún gbẹ̀yìn.

Ṣọ́ọ̀bù náà sì ti kógbá sílé láti ọdún mẹ́rin, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọmọ wa sáré ra òmíràn níbòmíràn. Atẹ̀wé fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ní, "Kì í ṣe èyí." Èmi wá ní, kí ni núdù gan-an! Ohun tó wà nínú ọ̀rá! Mo wọ kíṣìnì. Mo se ẹran màlúù fún wákàtí kan ààbọ̀, bí ọmọ èèyàn ṣe ń se ẹran, kó lè rọ̀. Mo se núdù náà títí òun náà fi rọ̀. Mo pò wọ́n pọ̀. Nígbà tí n ó fi ṣí ìdérí, ó ti di àtè tí a lè fi lẹ bébà mọ́ ògiri. Atẹ̀wé wò ó, ó wò mí, ó ní, "O ṣeun." Ó kọjú sí ògiri. Ó ti lé lógún ọdún tó ti dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi gbẹ̀yìn, abọ́ àtè ló wá dúpẹ́ fún.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wé gèlè mi, mo fi ẹran tútù sínú báàgì, mo lọ bá obìnrin náà. Òkè ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ yẹn náà ló ń gbé. Mo dúró lẹ́ẹ̀mẹta lórí àtẹ̀gùn, kì í ṣe nítorí èémí. Ó ṣílẹ̀kùn. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wú, wọ́n sì ti ká kò bí atalẹ̀.

Ó wò mí tokè-tilẹ̀. "Ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èébú, ẹsẹ̀ mi kò gbà á ní ìdúró mọ́."

"N kò bá ti èébú wá."

"Háà! Ara yín kò yá nìyẹn."

Mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó béèrè pé ó di ọjọ́ mélòó tó ti jẹun gbẹ̀yìn, mo ní márùn-ún. Ó ní kí n bọ́ sídìí sítóòfù. Ọwọ́ òun kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́, ọwọ́ tèmi ni yóò ṣe é, ẹnu tòun ni yóò sọ ọ́. Èmi! Kí ẹnu ẹlòmíràn máa darí ọwọ́ mi nídìí iná! Ṣùgbọ́n mo bọ́ síbẹ̀.

Ó ní kí ẹran kọ́kọ́ wọ fírísà, kó le díẹ̀, kó má di òkúta, ìgbà náà ló ń ṣeé gé féléfélé. Ó ní kí n wo ibi tí iṣan rẹ̀ tò sí, kí n gbé ọ̀bẹ dábùú wọn. "Ẹ jẹ́ kó fẹ́lẹ́ bíi bébà tí ọkọ yín ń tẹ̀." Mo fi ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ pa á lára, pẹ̀lú omi sóyà dúdú oníyọ̀ inú ìgò, ṣíbí kan, àti òróró díẹ̀. Núdù wọ inú omi híhó, ó jáde nígbà tó ṣì ń bá eyín jà, mo fi omi tútù ṣàn án kí ó má baà lẹ̀ mọ́ra. Agbada ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná títí òróró yóò fi rú èéfín. Mo da ẹran sí i, ó ké ṣàà! Ọwọ́ mi ti ń lọ láti rò ó.

"Ẹ fi sílẹ̀!" Ó jágbe mọ́ mi. "Ẹ jẹ́ kí iná ṣe iṣẹ́ tirẹ̀."

Mo tún nawọ́.

"Ẹ fi sílẹ̀, mo ní!"

Òróró ta sí mi lẹ́yìn ọwọ́. Ó ní, "Ẹ rí i?"

Nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, mo yí i lẹ́ẹ̀kan péré, mo kó o sọ́tọ̀. Aáyù àti atalẹ̀ wọlé. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tẹ̀ lé e, wọn kò gbọdọ̀ rọ̀. Núdù wọlé, ẹran padà síbẹ̀, mo da omi sóyà tí a pò mọ́ ṣúgà díẹ̀ yí wọn ká, ó parí. Mo wo aago. Láti ìgbà tí agbada ti gbóná, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tọ́ ọ wò. Inú bí mi. Ó dùn.

Mo wá bi í ní ohun tó ti há mi lọ́rùn fún ọgbọ̀n ọdún. Mo ní, "Kí ló wà láàárín ìwọ àti ọkọ mi?"

"Tábìlì."

"Tábìlì wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, èmi wà nídìí agbada. Bí mo bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, n kì í bá a sọ̀rọ̀, òun náà kì í bá mi sọ̀rọ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé oúnjẹ mi dùn tó bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ lòun ń bá wá. Ó ní níbi iṣẹ́, ẹ̀rọ ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nílé…" Ó yíjú sí agbada.

"Parí ẹ̀."

"Ẹ fi sílẹ̀, ìyá."

"Mo ní kí o parí ẹ̀!"

"Nílé, ìyàwó òun."

Ká ní o wà níbẹ̀ ni, ìwọ ni ì bá tún dì mí mú. Agbada náà wà nítòsí ọwọ́ mi, ó ṣì gbóná. Ká ní àlè ni, mo mọ bí a ṣe ń bá àlè jà. Báwo ni èèyàn ṣe ń bá tábìlì jà?

Mo fọ agbada náà. Mo fọ gbogbo abọ́ tó kó jọ sínú báńsìnì rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù òtútù kan tí bọ́tìnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nítorí pé ìka rẹ̀ kò lè tì í. Mo bá a ti bọ́tìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí dé ọrùn. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń retí kó ti ẹnu mi jáde yóò pẹ́ níbi tó jókòó sí. Òun náà mú ike funfun oníìdérí kan jáde, irú èyí tó máa ń bu oúnjẹ sí fún àwọn tó ń gbé e lọ sílé, ó fi lé mi lọ́wọ́ lófìfo, ó ní lọ́jọ́ Ẹtì ni kí n se ti Atẹ̀wé sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo rán ọmọ wa jáde lọ ra òwú ìránṣọ. Mo pa rédíò. Mo sè é bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú kí n má baà fọwọ́ kan ẹran náà. Mo bù ú sínú ike, mo fi ìrọ̀rí ti Atẹ̀wé lẹ́yìn kó lè kọjú sí fèrèsé, mo gbé e lé e nítan. Mo lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo pa ẹnu mi dé.

O mọ̀ mí. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń rọbí. Ọ̀rọ̀ ń gùn mí lọ́fun bí èébì. Ẹ rọra jẹ ẹ́. Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó? Ẹ má jẹ́ kó dà sí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Èmi ni mo sè é o. Mo gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Atẹ̀wé jẹ fọ́ọ̀kì méje. Ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan láti ọ̀nà jíjìn. Mo na ọrùn, mo rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ojú náà tú ká. N kò rí ojú yẹn rí nínú ilé yìí.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Bá mi kí i. Sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà."

Ọwọ́ mi wà lábẹ́ aṣọ mi, ibi tí òróró ti ta sí mi ń ro mí. Èmi, tí n kì í jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ abẹ́rẹ́ mi lọ́wọ́ ẹlòmíràn! Mo ní, "Ó máa gbọ́." Mo gbé ike náà wọ kíṣìnì, mo jẹ ìyókù ní ìdúró. Ó ti tutù. Ó ṣì dùn.

Kò jẹ nǹkan mìíràn mọ́ títí di ọjọ́ Ajé.

Atẹ̀wé ti sọ fún ọmọ wa pé obìnrin náà fi núdù ránṣẹ́ sí òun. N kò já a nírọ́. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ọmọ wa dìde níwájú gbogbo èrò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Afinúdù-gbọkọ pé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá òun jẹ gbẹ̀yìn láyé. Gbogbo ojú yí sí i. Àwọn kan ń dì mọ́ ọn. Obìnrin náà wò mí láàárín èrò, ó lanu láti sọ̀rọ̀. Mo gbọn orí fún un: fi sílẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nítorí náà, àwa mẹ́ta péré ló mọ̀, èmi, òun, àti ìwọ báyìí. Má ka lẹ́tà yìí sókè fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn kò sọ fún wa pé èyí tí a kò jẹ́ kó balẹ̀ máa ń bàjẹ́ síni nínú.

Kí àwọn ọmọ, kí ìyá ìkókó, bá mi gbé ọmọ náà jó díẹ̀. Má dààmú láti wá, ọ̀nà jìn fún orúnkún rẹ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá máa wo ojú mi bóyá mo ń sunkún. Bí o bá ṣàìgbọràn, tí o sì wá, má jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bá mi kí bàbá ilé rẹ gan-an. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́, jẹ́ kó jẹun.

Ilé dákẹ́ báyìí. Bí ó ṣe fẹ́ ẹ ló rí.

                                        Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, tẹnu-tẹnu,
                                        Olóríkunkun.